Iṣẹ́ Tí A Kò Kéde: Bí Ó Ṣe Ń Dọ́wọ́ Ẹni Tó Rí I Gbà

Ẹnikẹ́ni tó bá ti wáṣẹ́ fún ìgbà díẹ̀ yóò ti gbọ́ ọ pé èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ kì í dé orí ìkéde rárá. Àwọn mìíràn a tilẹ̀ fi iye gbè é lẹ́sẹ̀, wọn a ní ìdá 70 tàbí ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún ni ó ń lọ lábẹ́lẹ̀. Ẹni tó ti ń fi ìwé ìwáṣẹ́ ránṣẹ́ láti oṣù dé oṣù láìrí èsì gbà yóò gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí, ọkàn rẹ̀ yóò sì dàrú. Ṣé àwọn kan ló jókòó síbì kan tí wọ́n ń pín iṣẹ́ láàárín ara wọn ni? Ṣé ẹni tí kò bá mọ ọ̀gá ńlá kankan kò lè ríṣẹ́ ni? Àbí rìbá ni wọ́n ń gbà? Àìmọ̀ yìí ń ṣe ìpalára gan-an, nítorí ó ń mú kí àwọn kan jáwọ́ nínú ìwáṣẹ́, ó sì ń ti àwọn mìíràn sọ́wọ́ gbájú-ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ó fi yẹ kí a tú ọ̀rọ̀ náà palẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ iye kúrò nílẹ̀. Ọjọ́ ti pẹ́ tí wọ́n ti ń sọ ọ́ láti ẹnu dé ẹnu, ẹni tó ń sọ ọ́ kì í sì sábà lè tọ́ka sí ẹni tó kà á. Ohun tí a kò kéde ṣòro láti kà. Ní tèmi, kí ẹ fi iye náà sílẹ̀, kí ẹ sì di ohun tí ìwádìí fi hàn mú: ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ti ọwọ́ ẹni tí wọ́n mọ̀ gbọ́ nípa iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe lónìí.

Kí ni iṣẹ́ tí a kò kéde gan-an?

Iṣẹ́ tí a kò kéde ni àyè iṣẹ́ tó ti ṣí sílẹ̀, tàbí tó fẹ́ ṣí sílẹ̀, ní ilé iṣẹ́ kan, ṣùgbọ́n tí ilé iṣẹ́ náà kò tíì gbé síta fún gbogbo ènìyàn, ìbáà jẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì tàbí nínú ìwé ìròyìn. Ojúlùmọ̀, nínú àlàyé yìí, ni ẹnikẹ́ni tó mọ̀ wá tó sì mọ irú iṣẹ́ tí a ń ṣe, bí kò tilẹ̀ jẹ́ ọ̀rẹ́ wa. Ìkànsí ni kí àwa fúnra wa lọ bá ilé iṣẹ́, tàbí ẹni tó wà níbẹ̀, sọ̀rọ̀ láìdúró de ìkéde.

Ẹ wo bí yàrá ṣe ń rí ayálégbé tuntun. Ẹni tó ń gbé inú rẹ̀ sọ fún onílé pé òun yóò kó jáde ní ìparí oṣù tó ń bọ̀. Onílé sọ fún aládùúgbò rẹ̀, ẹni tó ń kó jáde náà sì sọ fún alájọṣiṣẹ́ rẹ̀ kan tó ń wá ilé. Bí ọ̀kan nínú wọn bá mú ènìyàn gidi wá, onílé kò ní gbé pátákó kọ́ sára ilé mọ́. Kò sí ẹni tó fi yàrá náà pamọ́. Ó ti rí ẹni tó gbà á kí ọ̀rọ̀ tó di ti pátákó ni.

Bí iṣẹ́ náà ṣe ń lọ nìyẹn. Ẹ jẹ́ kí a tẹ̀ lé àyè iṣẹ́ kan láti ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ní ẹ̀ka ìṣirò owó ilé iṣẹ́ kan, iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀ ju àwọn tó ń ṣe é lọ, débi pé ìṣirò oṣù tó kọjá kò tíì parí nígbà tí oṣù tuntun ti dé ìlàjì. Kò tíì sí àyè iṣẹ́ kankan nínú ìwé. Wàhálà nìkan ló wà nílẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀, òṣìṣẹ́ kan kọ̀wé pé òun ń fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ọ̀gá ẹ̀ka yíjú sí àwọn tó kù, ó ní, “Ṣé ẹ mọ ẹnì kan tó lè ṣe é?” Bí wọn kò bá mọ ẹnì kankan ni yóò tó lọ bá àwọn tó ń mójú tó ọ̀ràn òṣìṣẹ́, tí àwọn tó ń ṣọ́ owó yóò fọwọ́ sí i, tí wọn yóò sì jókòó kọ ohun tí iṣẹ́ náà jẹ́ àti irú ẹni tí wọ́n ń fẹ́. Ẹ̀yìn gbogbo èyí ni ìkéde tó jáde. Ó lè tó oṣù mélòó kan láti ọjọ́ tí wàhálà ti bẹ̀rẹ̀, ẹnikẹ́ni tí ọ̀gá náà bá sì gbọ́ orúkọ rẹ̀ láàárín àkókò yẹn kò ní bá èrò rẹpẹtẹ du àyè náà.

Nítorí náà, ohun tí à ń pè ní iṣẹ́ abẹ́lẹ̀ jẹ́ ọ̀rọ̀ àkókò ju ọ̀rọ̀ àṣírí lọ. Ìkéde ni ìgbésẹ̀ ìkẹyìn, ọ̀pọ̀ wa sì ń dúró de ìkẹyìn yẹn kí a tó dìde.

Kí ló dé tí agbanisíṣẹ́ kì í fi í kéde nígbà mìíràn?

Ìkéde ń náni lówó, ó sì ń gba àkókò ju owó lọ. Bí ilé iṣẹ́ kékeré kan bá gbé àyè kan ṣoṣo sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọgọ́rọ̀ọ̀rún ìwé lè wọlé láàárín ọjọ́ díẹ̀, èyí tó pọ̀ nínú wọn láti ọ̀dọ̀ àwọn tí iṣẹ́ náà kò bá mu. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ jókòó kà wọ́n, bẹ́ẹ̀ ẹni náà ní iṣẹ́ tirẹ̀ tó ń ṣe. Bí òṣìṣẹ́ tí wọ́n fọkàn tán bá wá sọ pé, “Mo bá ẹnì kan ṣiṣẹ́ rí, ọwọ́ rẹ̀ mọ́, kì í pẹ́ dé,” ọ̀rọ̀ náà yóò wọ ọ̀gá lára, nítorí pé ohun tó ń bà á lẹ́rù jù ni kí ó gba ẹni tí kò ní lè ṣe é. Òṣìṣẹ́ tó fa ènìyàn kalẹ̀ mọ̀ pé orúkọ òun náà wà nínú rẹ̀, kì í sì í fa ẹni tí kò dá a lójú kalẹ̀. Àwọn ilé iṣẹ́ kan tilẹ̀ máa ń fún òṣìṣẹ́ wọn lówó nígbà tí ẹni tó mú wá bá gba iṣẹ́ tó sì dúró.

Ìdí mìíràn tún wà. Ó lè jẹ́ pé ẹni tí wọ́n fẹ́ fi ẹlòmíràn rọ́pò ṣì wà lórí àga, wọn kò sì fẹ́ kí ó gbọ́. Ó lè jẹ́ pé wọ́n fẹ́ ṣí ẹ̀ka tuntun, wọn kò sì fẹ́ kí àwọn tí wọ́n jọ ń du ọjà mọ̀. Ó sì lè jẹ́ pé òṣìṣẹ́ inú ilé ni wọ́n fẹ́ gbé sí ipò náà, èyí tó túmọ̀ sí pé ẹni tó ti ní iṣẹ́ lọ́wọ́ ní láti jẹ́ kí ọ̀gá rẹ̀ mọ ohun tó tún lè ṣe.

Kì í ṣe gbogbo ibi ni ó rí bẹ́ẹ̀ o. Ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, òfin béèrè pé kí àwọn ilé iṣẹ́ ìjọba kéde púpọ̀ nínú àyè tí wọ́n ní, àwọn ilé iṣẹ́ aládàáni ńlá kan náà sì ń kéde gbogbo rẹ̀ láti yẹra fún ẹ̀sùn ìrẹ́nijẹ. Ẹni tó ń wá irú iṣẹ́ wọ̀nyẹn kò gbọdọ̀ pa ìkéde tì. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà, ohun tí mo sì ń sọ ni pé kí ẹ fi ọ̀nà kejì kún un.

Ojúlùmọ̀ wo ló ń wúlò jù?

Ibí yìí ni ìwádìí ti sọ ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò rò. Ní nǹkan bí ọdún 1970, onímọ̀ nípa àwùjọ ẹ̀dá kan ní Amẹ́ríkà, Mark Granovetter, ṣe ìwádìí nípa àwọn ọkùnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pààrọ̀ iṣẹ́ ní ìlú Newton, ní ìpínlẹ̀ Massachusetts. Iṣẹ́ ìmọ̀ ìwé, iṣẹ́ ẹ̀rọ àti iṣẹ́ alákòóso ni wọ́n ń ṣe. Ju ìdajì wọn lọ ló gbọ́ nípa iṣẹ́ náà lẹ́nu ẹni tí wọ́n mọ̀. Àwọn tó lọ kan ilé iṣẹ́ náà fúnra wọn láìsí ìkéde fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá kan nínú márùn-ún.

Granovetter wá béèrè lọ́wọ́ àwọn tó rí iṣẹ́ nípasẹ̀ ènìyàn pé, “Báwo ni ẹ ṣe ń rí ẹni náà sí ní àkókò yẹn?” A óò rò pé ọ̀rẹ́ tímọ́tímọ́ ni yóò pọ̀ jù. Nínú àpilẹ̀kọ tó tẹ̀ jáde ní ọdún 1973, ìdá 16.7 nínú ọgọ́rùn-ún péré ló ń rí ẹni náà déédéé, ó kéré tán lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Ìdá 55.6 ń rí i lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ìdá 27.8 sì ni àwọn tí wọn kì í rí i ju ẹ̀ẹ̀kan lọ lọ́dún, àwọn kan kò tilẹ̀ rí i tó bẹ́ẹ̀.

Ìdí rẹ̀ kò le. Ọ̀rẹ́ wa tímọ́tímọ́ fẹ́ràn wa, yóò sì sáré nítorí wa, ṣùgbọ́n ibi tí a ń lọ náà ni ó ń lọ, ohun tí ó gbọ́ ni àwa náà ti gbọ́. Ẹni tí a jọ ṣiṣẹ́ ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, tí a kàn ń kí ara wa nígbà ọdún, ti wà láàárín àwọn ènìyàn tí a kò mọ̀, ó sì ń gbọ́ ohun tí kò lè dé etí wa lọ́nà mìíràn.

Ní ọdún 2022, àwọn olùwádìí kan tẹ àbọ̀ ìwádìí tó tóbi ju ti ìṣáájú lọ jáde nínú ìwé ìròyìn Science. Wọ́n lo àkọsílẹ̀ àwọn tó ń lo LinkedIn, ìkànnì tí àwọn òṣìṣẹ́ àti agbanisíṣẹ́ ti ń pàdé. Àwọn tí ìwádìí náà kàn ju mílíọ̀nù 20 lọ, ó sì gba ọdún márùn-ún. Ó fìdí ọ̀rọ̀ Granovetter múlẹ̀, ṣùgbọ́n ó fi àtúnṣe kan sí i: ẹni tí àjọmọ̀ wa pẹ̀lú rẹ̀ wà ní ìwọ̀nba ló ń ṣèrànwọ́ jù, ìyẹn ẹni tí àwa méjèèjì ní àwọn ènìyàn díẹ̀ tí a jọ mọ̀. Ẹni tí a kò ní nǹkan kan pa pọ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ wúlò. Ìwádìí náà tún rí i pé ojúlùmọ̀ tí kò sún mọ́ wa púpọ̀ ló ń ṣiṣẹ́ jù ní àwọn ẹ̀ka tí iṣẹ́ wọn dá lórí kọ̀ǹpútà, nígbà tí àjọmọ̀ tímọ́tímọ́ ṣì lágbára ní àwọn ẹ̀ka tí kò rí bẹ́ẹ̀.

Èyí yẹ kó tù wá nínú. Kíkó ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọ̀rẹ́ jọ sórí ìkànnì kò pọn dandan. Àwọn tó yẹ kí a tún kí ni àwọn tí a ti mọ̀ rí tí a sì ti gbàgbé.

Ṣé ojúsàájú kọ́ nìyí?

Ìbéèrè yìí tọ́, mi ò sì fẹ́ fò ó. Ojúsàájú ni kí a gbé iṣẹ́ fún ẹni tí kò lè ṣe é nítorí pé ọmọ ẹnì kan ni. Kí ẹnì kan dá orúkọ wa níwájú ọ̀gá yàtọ̀ sí èyí, nítorí pé a ó ṣì ṣe ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, wọn ó ṣì dán wa wò, wọ́n sì lè ní àwọn kò gbà wá. Ohun tí ojúlùmọ̀ ń ṣe ni kí ó mú kí wọ́n gbọ́ ohùn wa.

Síbẹ̀, òtítọ́ ni pé ọ̀nà yìí ń gbe àwọn tí a bí sáàárín àwọn ènìyàn ńlá ju àwọn yòókù lọ. Mo gbà pé ilé iṣẹ́ tó bá lágbára àtikéde gbọ́dọ̀ kéde, kí ẹni tí kò mọ ẹnì kankan lè rí ẹnu ọ̀nà. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń wáṣẹ́ lónìí kò lè dúró títí ayé yóò fi gún, ìdí sì nìyẹn tí mo fi rò pé ẹni tí kò ní ìbátan ńlá ni ó nílò ìmọ̀ yìí jù.

Ẹ mú bébà, kí ẹ kọ orúkọ àwọn wọ̀nyí sílẹ̀: àwọn tí ẹ jọ kàwé, àwọn olùkọ́ tó rántí yín, àwọn tí ẹ jọ ṣiṣẹ́ rí, àwọn oníbàárà tí iṣẹ́ yín tẹ́ lọ́rùn, àwọn tó ń kó ọjà wá fún ilé iṣẹ́ tí ẹ ti ṣiṣẹ́ rí, àwọn tí ẹ jọ wà nínú ẹgbẹ́. Àwọn olùkó-ọjà wọ̀nyí ni a sábà máa ń gbàgbé, bẹ́ẹ̀ wọ́n ń wọ ilé iṣẹ́ púpọ̀ lọ́sẹ̀ kan ṣoṣo, wọ́n sì mọ ibi tí iṣẹ́ ti pọ̀ ju ènìyàn lọ. Ẹni tí bébà rẹ̀ kò bá kún lè wọ ẹgbẹ́ àwọn tí wọ́n jọ ń ṣe iṣẹ́ kan náà, kí ó sì máa ṣe ohun tí ojú rí níbẹ̀: kí ó dáhùn ìbéèrè ẹni tí nǹkan rú lójú, tàbí kí ó gba iṣẹ́ ọ̀fẹ́ kékeré tó ní ọjọ́ ìparí. Àwọn ènìyàn kì í fa ẹni tí wọn kò tíì rí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀.

Kí ni a ó sọ fún wọn?

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni gbólóhùn yìí: “Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi wá iṣẹ́, iṣẹ́ yòówù kó jẹ́.” Ó dà bí ẹni pé ó ń ṣí ilẹ̀kùn púpọ̀, ṣùgbọ́n gbogbo rẹ̀ ni ó ń tì. Ẹni tó gbọ́ ọ kò ní ohun tí yóò di mú. Bí ó bá jókòó ní ìpàdé ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, tí wọ́n sì ń sọ pé àwọn ń wá ẹni tó mọ̀ nípa àkójọ ọjà, orúkọ ẹni tó ní “iṣẹ́ yòówù” kò ní wá sí i lọ́kàn.

Ẹ fún àwọn ènìyàn ní gbólóhùn kan tí wọ́n lè gbé dé ibòmíràn láìjẹ́ pé ó dànù lọ́nà. Bí àpẹẹrẹ: “Mo mọ bí a ṣe ń ṣètò ilé ìkẹ́rùsí kí ọjà má baà sọnù, mo ti ṣe é fún ọdún mẹ́rin, ilé iṣẹ́ tó ń pín oògùn tàbí oúnjẹ ni mo sì ń fojú sí báyìí.” Ẹni tó gbọ́ èyí mọ ohun tí ẹ lè ṣe, ó mọ bí ó ti pẹ́ tó, ó sì mọ ibi tí yóò máa tẹ́tí sí. Lẹ́yìn náà, ẹ bèèrè ohun kékeré lọ́wọ́ rẹ̀, irú bí: “Ta ni ẹ mọ̀ nínú irú iṣẹ́ yìí tí mo lè bá sọ̀rọ̀?” Ìbéèrè yìí rọrùn láti dáhùn ju “Ṣé iṣẹ́ wà?” lọ, nítorí pé ìdáhùn sí ìbéèrè kejì yìí sábà máa ń jẹ́ “Rárá,” ọ̀rọ̀ á sì tán síbẹ̀.

Báwo ni a ṣe ń mọ ilé iṣẹ́ tó máa tó gba ènìyàn?

Ìròyìn ni à ń kà. Ilé iṣẹ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba owó lọ́wọ́ olùdókòwò, tó gba iṣẹ́ àgbàṣe ńlá, tó fẹ́ ṣí ẹ̀ka tuntun tàbí tó yan ọ̀gá tuntun yóò nílò ọwọ́ sí i láìpẹ́. Bí òṣìṣẹ́ kan bá kéde pé òun ti lọ sí ibòmíràn, àga rẹ̀ ti ṣófo. Bí òmíràn bá fẹ́ lọ sinmi ìbímọ, ẹnì kan yóò di àyè rẹ̀ mú fún oṣù díẹ̀, irú iṣẹ́ ìgbà díẹ̀ bẹ́ẹ̀ sì ti sọ ọ̀pọ̀ ènìyàn di òṣìṣẹ́ títí lọ. Ilé iṣẹ́ tó bá sì kéde àyè mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà lè ní ìkẹrin tí kò tíì kọ sílẹ̀. Ẹ yan ilé iṣẹ́ díẹ̀ tí ẹ lè mọ̀ dunjú, kí ẹ má ṣe kọ̀wé kan náà sí gbogbo ayé.

Báwo ni a ṣe ń kọ̀wé sí ẹni tí a kò mọ̀ rí?

Ẹ wá ẹni tí iṣẹ́ náà yóò wà lábẹ́ rẹ̀, ìyẹn ọ̀gá ẹ̀ka, tàbí ẹni tó ń ṣe irú iṣẹ́ tí ẹ fẹ́ ṣe. Ẹ̀ka òṣìṣẹ́ kì í sábà mọ̀ nípa àyè tí kò tíì dé orí ìwé. Ẹ kọ lẹ́tà kúkúrú, bóyá nínú ímeèlì tàbí lórí ìkànnì, tí ènìyàn lè kà tán lórí fóònù láìfà á sísàlẹ̀ púpọ̀. Ẹ wo èyí:

“Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá. Mo ka ọ̀rọ̀ tí ẹ sọ nípa bí ilé iṣẹ́ yín ṣe ń gbé àkọsílẹ̀ ọjà kúrò nínú ìwé bọ́ sórí kọ̀ǹpútà. Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ni mo mójú tó ní ibi tí mo ti ṣiṣẹ́ fún ọdún mẹ́rin, ohun tó sì yọ wá lẹ́nu jù ni ọjà tí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ jọ̀wọ́, bí àyè bá wà, mo fẹ́ fi ìṣẹ́jú 15 bi yín léèrè nípa ohun tó ń le jù nínú tiyín, àti irú ìmọ̀ tí ẹ rò pé ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ yìí gbọ́dọ̀ ní. Ọjọ́bọ̀ tàbí ọjọ́ Ẹtì rọ̀ mí lọ́rùn, ṣùgbọ́n ìgbà tó bá wù yín ni mo máa tẹ̀ lé. Bí kò bá ṣeé ṣe, mo dúpẹ́ pé ẹ ka ọ̀rọ̀ mi.”

Ẹ ṣàkíyèsí pé lẹ́tà náà kò bèèrè iṣẹ́. Ìbéèrè iṣẹ́ ń ti ọ̀gá náà sí igun, nítorí pé bí kò bá sí àyè lónìí, kò ní ohun mìíràn tí yóò sọ ju “Kò sí” lọ. Ìbéèrè nípa iṣẹ́ rẹ̀ ń fún un ní àyè láti sọ̀rọ̀, ẹni tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ sì sábà máa ń fẹ́ sọ nípa rẹ̀. Ẹ tún wo gbólóhùn nípa ọjà tó wà nínú ìwé lẹ́ẹ̀mejì. Ẹni tí kò ṣe iṣẹ́ náà rí kò lè kọ ọ́, ọ̀gá tó sì ń bá wàhálà kan náà yí yóò dáhùn nítorí gbólóhùn yẹn nìkan. Bí mo bá ní kí ẹ mú nǹkan kan ṣoṣo nínú lẹ́tà náà, gbólóhùn yẹn ni. Kí ẹ má ṣe so CV mọ́ lẹ́tà àkọ́kọ́. Ẹ jẹ́ kí ó bèèrè rẹ̀.

Kò bójú mu kí ẹni tó ní ìmọ̀ràn ni òun fẹ́ gbà dé ibẹ̀ tán kí ó wá yíjú padà máa bẹ̀bẹ̀ fún iṣẹ́. Bí ẹ bá ti jókòó, ẹ bèèrè ohun tí ẹ sọ pé ẹ fẹ́ bèèrè. Ẹ gbọ́ ju bí ẹ ti ń sọ lọ. Nígbà tí ìṣẹ́jú 15 bá pé, ẹ rán an létí pé àkókò ti pé. Bí òun bá fẹ́ kí ẹ tẹ̀ síwájú, òun ni yóò sọ. Kí ẹ tó dìde, ẹ bèèrè ohun méjì: ṣé ẹlòmíràn wà tó yẹ kí ẹ bá sọ̀rọ̀, ṣé ẹ sì lè fi orúkọ òun bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ níbẹ̀. Ìbéèrè kejì yìí ṣe pàtàkì. Ẹ má ṣe lo orúkọ ẹnì kan láìgba àyè.

Ibo ni owó ti wọ̀ ọ́?

Àwọn kan wà tí iṣẹ́ wọn ni láti bá ilé iṣẹ́ wá òṣìṣẹ́, wọ́n sì mọ̀ nípa ọ̀pọ̀ àyè tí kò jáde síta. Ó dára kí wọ́n mọ̀ yín. Ṣùgbọ́n ilé iṣẹ́ ló ń sanwó fún wọn, fún ilé iṣẹ́ ni wọ́n sì ń ṣiṣẹ́. Àdéhùn kọkànlélọ́gọ́sàn-án, tí a máa ń kọ ní 181, tí Àjọ Àgbáyé fún Ọ̀ràn Iṣẹ́ fọwọ́ sí ní ọdún 1997, sọ pé àwọn iléeṣẹ́ aládàáni tó ń wáṣẹ́ fúnni kò gbọdọ̀ gba owó lọ́wọ́ òṣìṣẹ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ó fàyè sílẹ̀ fún àwọn ìyàtọ̀ kan tí orílẹ̀-èdè lè ṣe. Nítorí náà, ẹni tó bá ní òun mọ̀ nípa iṣẹ́ abẹ́lẹ̀ kan, tó wá ń bèèrè owó fọ́ọ̀mù, owó ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tàbí owó “ìmọrírì” kí ó tó sọ ọ́, ẹ sá fún un. Iṣẹ́ tí a kò kéde ni aṣọ tó bá gbájú-ẹ̀ mu jù, nítorí pé kò sí ibi tí ẹ ti lè lọ wò ó. Ẹ pe ilé iṣẹ́ náà lórí nọ́ńbà tí ẹ fúnra yín wá rí, kì í ṣe èyí tí ó fún yín.

Bí wọn kò bá dáhùn ńkọ́?

Ọ̀pọ̀ ni kò ní dáhùn. Kì í ṣe ìkórìíra. Lẹ́tà a máa sọnù sáàárín lẹ́tà. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ẹ kọ gbólóhùn méjì láti rán wọn létí. Bí ìdákẹ́ bá tún tẹ̀ lé e, ẹ fi ẹni náà sílẹ̀ kí ẹ sì lọ bá ẹlòmíràn. Ẹ ní ìwé kékeré kan tí ẹ ń kọ orúkọ ẹni tí ẹ bá sọ̀rọ̀ sí, ọjọ́ tí ẹ bá a sọ ọ́, ohun tó sọ àti ohun tí ẹ ṣèlérí fún un. Láìsí ìwé yìí, ẹ ó kọ lẹ́tà kan náà sí ẹnì kan lẹ́ẹ̀mejì, tàbí kí ẹ gbàgbé pé ẹnì kan ní kí ẹ padà wá lẹ́yìn oṣù méjì.

Ẹni tó ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ tó sì ń wá òmíràn gbọ́dọ̀ ṣọ́ra díẹ̀. LinkedIn ní ètò kan tí àwọn tó ń wá òṣìṣẹ́ nìkan fi ń mọ̀ pé a fẹ́ iṣẹ́ tuntun, ó sì ń gbìyànjú láti fi í pamọ́ fún ilé iṣẹ́ tí a wà, ṣùgbọ́n ìkànnì náà fúnra rẹ̀ sọ pé òun kò lè fi ọwọ́ sọ̀yà pé wọn kò ní mọ̀. Ẹ̀rọ fóònù àti ímeèlì ti ara yín ni kí ẹ lò, ẹ má ṣe lo ti ọ́fíìsì.

Ní ọjọ́ tí ẹ bá bá ẹnì kan sọ̀rọ̀ tán ni kí ẹ kọ ọ̀rọ̀ ìdúpẹ́ sí i, kí ẹ sì mẹ́nu ba ohun kan pàtó tó sọ tó wúlò fún yín. Lẹ́yìn bí oṣù kan tàbí méjì, ẹ tún jẹ́ kí ó gbọ́ ibi tí ọ̀rọ̀ dé: pé ẹ ti bá ẹni tó ní kí ẹ bá sọ̀rọ̀ pàdé, tàbí pé ẹ ti kọ́ ohun tó ní kí ẹ kọ́. Ìgbà kejì yìí ni ọ̀pọ̀ àyè máa ń jáde, torí pé ọ̀gá tí kò ní àyè nígbà àkọ́kọ́ lè ti pàdánù òṣìṣẹ́ kan láàárín ìgbà náà. Bí ẹ bá sì ti rí iṣẹ́ ní ibòmíràn, ẹ sọ fún gbogbo àwọn tó wà nínú ìwé yín, títí kan ẹni tó jẹ́ pé orúkọ kan ṣoṣo ni ó fún yín, kí ó lè mọ̀ pé kò yẹ kí ó máa bá yín tẹ́tí mọ́.